Ọmọ Tíṣà Ìṣirò

Fọ́tò kan ṣoṣo ló mú wá láti Kóṣì.
Bàbá rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, nínú ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàgàdà,
ó fi ọwọ́ kan di kẹ̀kẹ́ mú,
ògiri amọ̀ kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí a kò rí orí rẹ̀.
"Níbo nìyí?" ni Kúríánì ọmọ Kúríánì bi mí
ní Gáréèjì Àtijọ́, kó tó mu omi.

Bàbá yẹn ló kọ́ mi ní ìṣirò ní fọ́ọ̀mù tirí.
Á pe Ọ̀ṣúnníyì bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀.
Bí ìdáhùn wa bá tọ̀nà, á mi orí sọ́tùn-ún, sósì;
àwa á rò pé "rárá" ló wí,
a ó pa á rẹ́, a ó tún un ṣe, a ó sì kùnà.
Odidi sáà kan kọjá
kó tó yé wa pé "bẹ́ẹ̀ ni" ni orí yẹn ń sọ.

Mo mú un dé mọ́ṣáláṣí ńlá.
Ó ti bọ́ bàtà kí n tó lanu.
Ó ní nílùú àwọn, létí òkun,
sínágọ́gù ń gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì,
ṣọ́ọ̀ṣì ń gbọ́ òórùn òdòdó ilé òrìṣà.
Mo ní, ẹ̀gbọ́n mi ń kírun, èmi ń lọ ìsìn òwúrọ̀,
ìyá tó bí ìyá wa sì ti fi omi Ọ̀ṣun wẹ̀ wá
ká tó mọ ọ̀nà ibì kankan.

Tésàn rélùwéè. Koríko ti hù láàárín irin.
"Ibí ni bàbá rẹ ti sọ̀, pẹ̀lú àpótí mẹ́ta
àti ìgò ata tó fọ́ lọ́nà. Gbogbo wa ni a sín."
Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ lé irin.
Oòrùn ti yan irin náà. Kò tètè gbé ọwọ́ kúrò.

Ògiri ààfin kọ́ nìyẹn. Ó gbé fọ́tò sókè, ó wò ó, ó mí kanlẹ̀.
Mo sọ ìtàn ọba tó tẹ́wọ́ gba ẹja lọ́wọ́ odò,
bí orúkọ Àtáọ́ja ṣe dúró.
Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní tó bá jẹ́ ti ẹja ni,
gbogbo àdúgbò àwọn ni ìbá jọba.

Nínú igbó Ọ̀ṣun, ọ̀bọ já bisikíìtì gbà lọ́wọ́ rẹ̀.
Àwọn ère símẹ́ńtì ranjú mọ́ wa,
èéhù ti bo èjìká wọn.
Létí omi, ó dákẹ́ títí. Ó wá béèrè:
"Odò yìí, ṣé ó ń dé òkun?"
Mo ní ó ń dé ọ̀sà, ọ̀sà ń dé òkun.
Ètè rẹ̀ ń mì. Mo mọ̀ pé ó ń ṣírò:
ọjọ́ mélòó, máìlì mélòó,
láti ibí dé ẹnu ọ̀nà ilé tí bàbá kú sí léṣìí.

A ti gbà pé a ò ní rí ògiri náà mọ́.
Táyà wa ló jò ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Múfútáù tó ń lẹ táyà gba fọ́tò, ó kọ́kọ́ dà á dé.
"Háà! Kẹ̀kẹ́ bàbá mi! Òun ló tà á fún òyìnbó aláwọ̀ dúdú kan.
Ògiri ilé wa nìyí. Ó wó lọ́dún òjò ńlá."
Ó na ìka sí ibi tí táyà gbó gún jọ sí.

Kúríánì gba ibẹ̀ lọ. Ó bọ́ bàtà.
"Ọ̀gá, ìṣó wà nílẹ̀ o!" ni Múfútáù ń pariwo.
Mo bi í pé, ṣé ibí gan-an lo wá?
Ó mi orí sọ́tùn-ún, sósì.
Lọ́tẹ̀ yìí, n kò pa nǹkan kan rẹ́.